Ilé ìtọ́jú eyín ti ṣí padà lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé kòrónà ọdún 2020: kí ló yẹ kí oníbíréèsì ṣe kó tó lọ?

Ìyá Ọlọ́mọ
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn padà sọ́dọ̀ dókítà tó ń to eyín, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lo oṣù 3 tàbí 4 pẹ̀lú bíréèsì (irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín láti tò ó) lẹ́nu láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Ta ló yẹ kó tètè lọ, ta ló lè ní sùúrù? Kí ló sì yẹ ká ti ṣe sílẹ̀ nílé kí ọjọ́ náà tó pé? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá wa dá sí i.

Atoyín
Ẹ ṣeun mà. Ẹ fi èyí sọ́kàn ná: ilé ìwòsàn ló tì, wáyà bíréèsì ò tì, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ. Ohun tó wà lẹ́nu ọmọ ló máa sọ bóyá kí ẹ yára tàbí kí ẹ dúró, kì í ṣe iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá. Nítorí náà, ẹ mú un lọ sídìí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó la ẹnu, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí roboto, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó máa ń ta padà, irin tí wọ́n ń pè ní nickel-titanium ni. Òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún eyín tó wọ́. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tí gbogbo bírákẹ́ẹ̀tì (irin kékeré ojú eyín kọ̀ọ̀kan tó di wáyà mú) bá ṣì lẹ̀ mọ́ eyín gírígírí, oṣù 3 kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Ẹ lè rí i pé eyín ti tò ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Wáyà tó nípọn, onígun mẹ́rin, tí kò ṣe é tẹ̀ bọ̀rọ̀, irin stainless ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di eyín mú kí ó má yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń fa eyín.

Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn yẹn gan-an ni kí ẹ wò fínnífínní. Tó bá jẹ́ rọ́bà tó so kọ́ra bíi ṣéènì láti eyín kan dé òmíràn, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti máa ń lọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi pé ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, díẹ̀ ló kù. Kò ní fa eyín kọjá ààlà, ṣùgbọ́n àlàfo tó ti ń dí lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Sípíríǹgì nickel-titanium yàtọ̀ pátápátá. Òun kì í tètè rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ṣí àlàfo fún eyín tí kò ráyè á máa tì í lọ títí agbára inú rẹ̀ á fi tán, yálà dókítà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tó bá ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún wọn pé sípíríǹgì ló wà lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n fi í síwájú.

Ẹlòmíràn tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ni ẹni tí bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ kúrò lára eyín. Eyín tí kò sí lábẹ́ ìdarí lè yí po, tàbí kí eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba àyè rẹ̀.

Olùtọ́jú Ọmọdé
Ẹ má gbàgbé expander o, irin tó wà ní àjà ẹnu tí òbí máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí kí àgbọ̀n òkè lè fẹ̀. Yíyí kan ṣoṣo, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí, sábà máa ń ṣí i ní mílímítà 0.25 tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 ti di mílímítà 7. Òbí tó ń yí i lọ nítorí pé kò sí ẹni tó ní kó dúró ti lè ṣí i kọjá ibi tí dókítà fẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: kí ọmọ pa eyín dé, kó fi eyín ẹ̀yìn kanra. Tí eyín òkè bá ti jáde síta débi tí orí rẹ̀ kò fi kan ti ìsàlẹ̀ mọ́, ó ti kọjá. Ẹ dá a dúró lónìí, kí ẹ pè. Ẹ má yí i padà sẹ́yìn fúnra yín, torí ẹ ò lè mọ iye tó yẹ kó padà.

Tó bá jẹ́ pé iye yíyí tí wọ́n kọ fún yín ti pé tí ẹ sì dáwọ́ dúró, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 3 sí 6 lẹ́yìn yíyí tó gbẹ̀yìn, kí eegun tuntun lè kún àárín àjà ẹnu. Àkókò kónílé-ó-gbélé kò ṣe é ní ibi kankan. Kí ẹ ṣáà fi àtàǹpàkò tì í wò jẹ́jẹ́: tó bá ń mì, tàbí tí ẹ rí i tí itọ́ ń yọ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀dì (ohun tí wọ́n fi lẹ irin mọ́ eyín) ti já níbì kan.

Àlàfo tó yọ láàárín eyín iwájú méjèèjì lókè kì í ṣe àṣìṣe. Àmì pé ó ṣiṣẹ́ ni, ó sì sábà máa ń súnmọ́ra padà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rín Òwúrọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí rọ́bà tó ń kọ́ láti eyín òkè sí ìsàlẹ̀ ti tán láti oṣù kan ńkọ́? Ṣé ó lè wọ méjì méjì nígbà tó bá rí òmíràn, kó fi lé àkókò tó sọ nù bá?

Atoyín
Rárá o. Méjì kì í mú eyín yára lẹ́ẹ̀mejì. Agbára tó pọ̀ jù máa ń fún ẹ̀jẹ̀ pa nínú awọ tó so gbòǹgbò eyín mọ́ eegun, eyín á dúró sójú kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú kí orí gbòǹgbò máa jẹ. Iye tí wọ́n kọ ni kó padà sí. Kó wo ara ọ̀rá rọ́bà: ìwọ̀n fífẹ̀ àti agbára wà níbẹ̀, bí àpẹẹrẹ 3/16 íǹṣì, 4.5 áúnsì. Kó sọ nọ́ńbà méjèèjì yìí fún wọn lórí fóònù kí wọ́n lè kó irú rẹ̀ gan-an sílẹ̀ dè é. Kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó kéré tán, torí rọ́bà máa ń rọ̀ nínú itọ́. Ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́ máa dùn ún díẹ̀ bó bá ti pẹ́ tó ti wọ̀ ọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ ti rọ́bà, mo bẹ gbogbo òbí tó ń ka èyí: ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi rọ́bà lásán so eyín iwájú méjì pọ̀ láti dí àlàfo. Eyín fẹ̀ nísàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọnú erìgì lọ. Rọ́bà tí kò sí bírákẹ́ẹ̀tì tó dì í mú á máa yọ́ rìn gun gbòǹgbò náà, á wọ abẹ́ erìgì, ojú ò ní rí i mọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹ eegun títí eyín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Eyín tó dá ṣáṣá ti bọ́ báyìí. Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti ṣe é tí ẹ ò sì rí rọ́bà náà, ẹ sọ fún dókítà kíákíá.

Nọ́ọ̀sì Yàrá Kejì
Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ ya fọ́tò ná. Fọ́tò 5 tó mọ́ lè gba ìrìn kan sílẹ̀ fún yín, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀. Ẹ fọ ṣíbí 2. Kí ọmọ fọ eyín, kó fi tíṣù nu ojú eyín gbẹ, torí itọ́ máa ń dán, kì í jẹ́ kí bírákẹ́ẹ̀tì hàn. Kó kọjú sí fèrèsé, kó fi ẹ̀yìn ṣíbí méjèèjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ síta, kó sì pa eyín dé. Fóònù kó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí i, ẹ tan fíláàṣì. Ẹ ya iwájú gangan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kó wá gbé orí sẹ́yìn, kó la ẹnu gbàgà, kí ẹ ya gbogbo eyín òkè láti ìsàlẹ̀. Paríparí rẹ̀, kó ká ahọ́n sẹ́yìn kí ẹ ya ti ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn sábẹ́ rẹ̀, àti eyín tí bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ. Ẹ kà á láti àárín ẹnu: “òkè, ọ̀tún, ìkarùn-ún” ti tó, wọ́n á mọ èyí tí ẹ ń wí. Ọ̀tún ọmọ ni o, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó.

Ìdí tí kíka iye bírákẹ́ẹ̀tì fi ṣe pàtàkì: lílẹ ẹyọ kan padà ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú. Wọ́n á ha lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi ásíìdì pa ojú eyín, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi iná búlúù mú un gan. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú bírákẹ́ẹ̀tì 4 tó ti yọ láìsọ tẹ́lẹ̀ máa padà sílé pẹ̀lú méjì.

Onísùúrù
Kí ni kí èèyàn ṣe nílé fún wáyà tó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ọjọ́ àdéhùn á fi pé?

Nọ́ọ̀sì Yàrá Kejì
Ìda eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi í, torí ìda kì í dì mọ́ ohun tó tutù. Ẹ gé èyí tó tó orí ìṣáná 2, ẹ fi ìka yí i kó rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí wáyà kó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó jẹun. Tó bá jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè fi igi tó ní òwú lórí tì í wọlé sábẹ́ bírákẹ́ẹ̀tì.

Tó bá ṣì ń gún un tó sì ń dọgbẹ́, tí kò sì sí ẹni tó lè rí i kíákíá, ìgbà yẹn ni gígé kàn. Ẹ fọ ohun tí ẹ fi ń gé èékánná pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fi sípírítì nù ún. Ẹ ká tíṣù mọ́ orí wáyà náà kí ibi tí ẹ gé má bàa bọ́ sọ́fun. Ẹ̀yìn bírákẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn tó ṣì lẹ̀ dáadáa ni kí ẹ ti gé e, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Bírákẹ́ẹ̀tì tó yọ ṣùgbọ́n tó ṣì ń rìn lórí wáyà, ẹ má fà á. Ẹ fi ìda dì í. Èyí tó bọ́ pátápátá, ẹ fi sínú ike kékeré, ẹ mú un lọ. Ẹ má fi gúlúù ilé lẹ̀ ẹ́ láéláé. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ ẹnu, kò ní dúró síbi tó yẹ, dókítà á sì ní láti fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúrò.

Bí ọmọ bá gbé irin kékeré mì tí kò sí ìnira, ó sábà máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Àmọ́ bí ó bá ń wúkọ́ tí kò dúró, tí mímí rẹ̀ ń dún, ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ojú tó wú pẹ̀lú ibà, tàbí wíwú tí kò jẹ́ kó lè gbé itọ́ mì. Ẹ má dúró de dókítà tó ń to eyín lórí ìwọ̀nyí.

Ẹ̀rín Òwúrọ̀
Àwa tí a ń lo aligner ńkọ́, ìyẹn ike tó ń to eyín, tí a máa ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra? Ẹlòmíràn ti wọ èyí tó gbẹ̀yìn tán, ẹlòmíràn sì ti pa tirẹ̀ tì.

Atoyín
Ẹni tó ti wọ gbogbo rẹ̀ tán, kó má bọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́ bíi tẹ́lẹ̀, òun ni á máa di eyín mú títí wọ́n á fi rí i. Kó tọ́jú èyí tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá èyí tó wà lẹ́nu lè sán.

Ẹni tó pa á tì, kó má ṣe fò lọ sí èyí tó kàn. Kó mú èyí tó wọ̀ gbẹ̀yìn, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú ìka, láti ẹ̀yìn síwájú. Kó wo etí eyín iwájú nínú dígí: tí àlàfo bá hàn láàárín ike àti orí eyín, kò tíì wọlé tán. Kó padà sí èyí tó ṣáájú, tàbí èyí tó ṣáájú ìyẹn, títí á fi rí èyí tó wọlé láìsí pé ó ń fi agbára tẹ̀ ẹ́. Kó wọ ìyẹn títí á fi máa wọlé tó sì máa ń jáde ní ìrọ̀rùn, kó tó tẹ̀síwájú. Bí kò bá sí èyí tó wọlé nínú ìkankan, àwòrán eyín tuntun ni wọ́n máa yà, kí wọ́n tún ike míì ṣe.

Ẹ tún ka àwọn kókó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú eyín. Bí ọ̀kan bá ti já, ike náà kò ní rí ibi di eyín yẹn mú, èèyàn á wá máa rò pé ike ni kò dára.

Olùtọ́jú Ọmọdé
Retainer ni mo fẹ́ fi kún un, ìyẹn ohun tí èèyàn ń lò lẹ́yìn tó bá bọ́ bíréèsì kí eyín má bàa rìn padà, torí àwọn tó ti ṣe tán ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Àwọn okùn tó wà nínú erìgì yí eyín ká máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ibi tuntun ni ilé, ó lè tó ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bọ́ bíréèsì láàárín ọdún kan sẹ́yìn fi wà nínú ewu ju ẹni tó ti bọ́ ọ láti ọdún 5 lọ.

Tí retainer bá fún ṣùgbọ́n tó wọlé tán, eyín ti rìn díẹ̀ ni. Kó wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru fún ọjọ́ díẹ̀ títí á fi rọ̀ ọ́ lára, kó tó padà sí alẹ́ nìkan. Tó bá ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, kó dáwọ́ dúró, kó pè. Kí ó má fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ o. Ike náà á yí padà, kò sì ní ṣe é lò mọ́.

Ẹni tó ní wáyà tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn eyín iwájú nísàlẹ̀, kó fi èékánná tọ́ ọ ní eyín kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbé sókè níbì kan, lẹ́ẹ̀dì ti já lára eyín yẹn, kó tètè lọ kí eyín náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Onísùúrù
Ohun tó ń dun dókítà jù nígbà tí ọmọ bá la ẹnu ni ìdọ̀tí. Àmì funfun bí ẹfun lè yọ lára eyín láàárín ọ̀sẹ̀ 4 péré bí oúnjẹ bá ń dúró yí bírákẹ́ẹ̀tì ká, àmì yẹn kì í sì í sábà lọ tán. Bí erìgì bá ti wú débi tó bo bírákẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní rí ibi lẹ ohunkóhun, wọ́n sì lè yọ wáyà kúrò kí ọmọ lọ fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa ná. Ìyẹn ti fi oṣù kan tàbí méjì kún ìtọ́jú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọjọ́ àdéhùn. Ìdọ̀tí tó wà létí erìgì ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, nítorí náà ẹ má torí ẹ̀jẹ̀ dá fífọ̀ dúró. Lórí bírákẹ́ẹ̀tì, ẹ dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ìsàlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kó wọ abẹ́ wáyà láàárín bírákẹ́ẹ̀tì méjì méjì. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride 1,350 sí 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), kó tu ìfófò, kó má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Omi ìṣanu oní-fluoride dára fún ẹni tó ti tó ọdún 6 tó sì lè tu ú dà nù, àmọ́ ní àkókò mìíràn, bóyá lẹ́yìn ilé-ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, kó má jẹ, kó má mu fún ìṣẹ́jú 30.

Nọ́ọ̀sì Yàrá Kejì
Ọjọ́ àdéhùn gan-an lásìkò kòrónà ọdún 2020 yìí: wọ́n máa pè ṣáájú láti bi yín nípa ibà, ikọ́, àìgbóòórùn, àti bóyá ẹ ti sún mọ́ ẹni tó ní kòrónà. Ẹ sọ òtítọ́. Ẹ ò ní pàdánù àyè yín, wọ́n á kàn sún un síwájú. Nílé ni kó ti fọ eyín, torí ọ̀pọ̀ ibi ti ti ibi ìfọyín pa. Òbí kan ṣoṣo ló máa tẹ̀ lé e. Ìbòmú títí tó fi máa jókòó sórí àga. Wọ́n lè fún un ní oògùn ìṣanu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó ṣan án, kó má gbé e mì.

Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò ní bọ́ bíréèsì lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú sí wọn. Yíyọ bírákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìṣòro, ẹ̀mú ọwọ́ lásán ló ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀dì tó kù lára eyín ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá olómi lọ̀ kúrò, ẹ̀rọ yẹn sì máa ń tú itọ́ ká bí ìrì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn oníṣègùn eyín nímọ̀ràn pé níbi tí àrùn náà bá ti ń ràn láàárín ìlú, kí wọ́n dín iṣẹ́ tó ń tú itọ́ ká kù, kí wọ́n sì sún ìtọ́jú tí kò kánjú síwájú. Ilé ìwòsàn mìíràn á ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un, òmíràn á lo ẹ̀rọ tó rọra ń yí, tí kò lo omi.

Atoyín
Lórí àga, ó ṣeé ṣe kí wọ́n padà sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fún oṣù kan, pàápàá tí bírákẹ́ẹ̀tì bá ti yọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Wáyà tó nípọn kò ní wọnú bírákẹ́ẹ̀tì eyín tó ti yí láìjẹ́ pé ó tún já a. Ẹ bi wọ́n léèrè nǹkan mẹ́ta: kí ló ti yí padà sí fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n rò pé á parí báyìí, àti bóyá owó máa yí padà nítorí oṣù tó kún un.

Eyín á dùn ún bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìrora máa ń ga jù ní nǹkan bíi wákàtí 24, á sì máa rọlẹ̀ láti ọjọ́ kẹta. Oúnjẹ rírọ̀ ni kó máa jẹ, pẹ̀lú parasítámọ̀ gẹ́gẹ́ bí ara páálí rẹ̀ ṣe wí fún ọjọ́ orí ọmọ.

Ìyá Ọlọ́mọ
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè kan ló kù: tí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àdéhùn ńkọ́, lẹ́yìn gbogbo ìdúró yìí?

Nọ́ọ̀sì Yàrá Kejì
Ẹ má wá mà. Ẹ pè kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ fi fọ́tò 5 yẹn ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ sípíríǹgì tàbí expander ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tẹnu mọ́ ọn, kí wọ́n lè dá ọjọ́ tuntun tó súnmọ́ fún yín, dípò kí wọ́n dá yín padà sẹ́yìn ìlà.